Ọgbọ́n lẹ́nu ẹni tó ń gbẹ̀san

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé gírámà kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ìtàn àròsọ kan tán. Ọkùnrin tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ogún ọdún ló fi dúró kó tó gbẹ̀san, ó sì gbẹ̀san náà débi pé àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ yẹn tí wọn ò mọwọ́mẹsẹ̀ fara gbá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kún ẹnu ọkùnrin yìí! Mo kọ mẹ́ta sílẹ̀: “Ẹni tó ṣẹni ló ń gbàgbé, ẹni tí a ṣẹ̀ kì í gbàgbé.” “Sùúrù ni ohun ìjà tó mú jù.” “Ẹni tó bá dárí ji ọ̀tá ti fún un láyè láti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.” Mo fi èyí tó kẹ́yìn sórí WhatsApp mi, àbúrò bàbá mi tí a jọ ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rí i, ló bá pe ìyá mi pé òun ni mò ń bá wí. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní èmi ni mo lọ ń wá ọgbọ́n lẹ́nu ìkà. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ṣé ọgbọ́n wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àbí kí n pa á tì? Ọmọkùnrin mi tó wà ní SS2 náà sì ti ní òun fẹ́ kà á.

Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ẹ kọ orúkọ ìwé náà ránṣẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní dá a níbí, torí àwọn tó ṣì ń kà á lọ́wọ́ ò ní dárí jì mí bí mo bá tú ibi tó parí sí fún wọn. Kò tilẹ̀ pọn dandan. Ohun tí ẹ béèrè kan gbogbo ìwé tí ẹni tí inú ń bí bá ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Bó ṣe yé mi, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ lè jẹ́ òótọ́ nígbà tí ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn rere. Ẹ sì ń béèrè nǹkan mìíràn tí ẹ ò sọ síta, ìyẹn ni ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí dùn mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi sí ti àkọ́kọ́ ni pé ọgbọ́n wà nínú ìwé náà, ó tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kì í sábà sí níbi tí ẹ fa ilà sí.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní kò sí ọgbọ́n lẹ́nu ìkà, ẹ bá mi bi í pé ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n nígbà tó wà ní kékeré. Bó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì tó jókòó ti ìyá àgbà lálẹ́ rí, Ìjàpá ni. Ìjàpá sì rèé, olè ni, ọ̀kánjúwà ni, ẹlẹ́tàn ni, àna rẹ̀ pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò torí ìyẹn lé e kúrò nínú àlọ́. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ yín rí nǹkan kan tí kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Nínú àlọ́, kì í ṣe Ìjàpá ló ń pa á. Ìyá àgbà ló ń pa á, àwọn ọmọ ń gbe orin, ẹni tí nǹkan bá rú lójú lè dá a dúró kó béèrè, bó bá sì tán, apàlọ́ á sọ ibi tí ìdí àlọ́ òun wà gbáńgbáláká. Ẹ wá wò ó ná, ká ní Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló jókòó sáàárín àwọn ọmọ, tó ń wí pé “èmi”, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbe orin. Tó ròyìn bí ebi ṣe ń pa òun àti Yánníbo, tó ròyìn bí àna òun ṣe ń fi iṣu ṣe yàngàn. Bó bá mọ̀ ọ́n sọ, àwọn ọmọ á sunkún bá a. Irú ìwé tí ẹ kà nìyẹn.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìwé kíkà. Àwa tí a fi Fágúnwà mọ Yorùbá kà, láti orí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ó ti mọ́ wa lára pé asọ̀tàn á dá ìtàn dúró, á kọjú sí wa, á sì gbà wá nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn yẹn ṣe é mú lọ sílé bó ṣe rí, torí òǹkọ̀wé àti ẹni tó fi ń sọ ìtàn jọ ń sọ ohun kan náà ni. A wá gbé ojú yẹn lọ síbi ìwé tí kò gbà á. A rí gbólóhùn tó dún bí òwe, a fa ilà sí i nídìí, a rò pé òǹkọ̀wé ló ń bá wa sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ti dàgbà, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ròyìn bó ṣe lo ìgbà èwe rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin káàkiri. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀ bí ẹni pé ará àdúgbò wọn ni. Olóòtú yìí kan náà ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ka àkójọ lẹ́tà náà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ tí ìtàn àròsọ wa ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni “èmi” inú ìwé ti ń mú wa ní gbọ̀ngbọ̀n. Nítorí náà, ẹ yọ òǹkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára ọkùnrin inú ìwé yín. Òǹkọ̀wé ló mọ ọkùnrin náà, ó sì mọ àléébù mọ́ ọn nígbà tó ń mọ ọ́n. Àléébù yẹn ló fẹ́ kí a rí.

Ibo la ó ti rí i? Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá àti àna rẹ̀. Ìjàpá jí iṣu lóko àna, wọ́n mú un, àna so ó mọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó ń lọ sóko láàárọ̀ rí i, wọ́n ní ó tọ́ sí i, wọ́n ní àna ò ṣe àṣejù. Ìrọ̀lẹ́ dé, àwọn kan náà ń bọ̀ látoko, wọ́n bá a níbi tí wọ́n fi í sí, oòrùn ti pa á kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ bá yí padà: ṣé o fẹ́ pa á ni? Torí iṣu? Olè kan náà ni, okùn kan náà ni, ilẹ̀ ló ṣú. Ẹni tó ń gbẹ̀san tó tún ń sọ ìtàn ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú nínú ìtàn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ ni yóò máa fi hàn wá lójú ewé kìíní, lójú ewé àádọ́ta, lójú ewé igba, kí ó lè máa jẹ́ àárọ̀ títí. Òǹkàwé ni yóò máa wojú oòrùn fúnra rẹ̀. Nínú ìwé yín, nígbà tí ọkùnrin yẹn débi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, alẹ́ ti lẹ́ pátápátá, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìrì ṣì wà lára koríko.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú irú ìwé yìí, ẹnìkan ṣoṣo ló rojọ́. Ẹni tó ti kú ò lè sọ tẹnu rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì ní ó sọ, láti ẹnu ọ̀tá rẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Àwa ará Èkìtì ló yẹ kó tètè yé. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Fábùnmi ní Òkèmẹ̀sí, bó ṣe gbẹ̀san lára ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí wọ́n ní ó fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀, ìtàn akọni lẹ óò gbọ́, orí ajẹ́lẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ kì í dun ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ka ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìbàdàn jọ jà lẹ́yìn ìyẹn, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tó jáde ní 1921, ẹ ó mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ló ń sọ ọ́. Mi ò ní Fábùnmi ò jàre o. Ọmọ Èkìtì wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbangba? Ohun tí mo ń wí ni pé ogun Kírìjì, tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó dá a sílẹ̀, gba ọdún 16 kó tó tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì bá a lọ ni kò fojú kan ìyàwó Fábùnmi rí. Wọn ò sí nínú orin.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibì kan ṣoṣo hàn yín bí mo ṣe ń kà á. Ìtàn kúkúrú kan wà tí Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1846, wọ́n ń pè é ní The Cask of Amontillado. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Montresor ló ń sọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé Fortunato ti ṣẹ òun ní ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, òun sì fara dà á, àfi ìgbà tó wá fi àbùkù kan òun ni òun búra láti gbẹ̀san. Ẹ wò ó dáadáa: kò sọ ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún náà. Àbùkù tó ní wọ́n fi kan òun, kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ráyè sọ irú fìlà tí Fortunato dé lọ́jọ́ àríyá náà àti ṣaworo tó wà lórí rẹ̀. Ó fi ọtí tàn án lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbi tí egungun àwọn bàbá ńlá rẹ̀ wà, ó fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri, ó sì ń mọ ògiri dí i láàyè. Ó ku òkúta kan ṣoṣo. Ó pe Fortunato lórúkọ, kò gbọ́ ohùn, ṣaworo nìkan ló ró. Ó ní ọkàn òun dà rú. Kíá ló fi kún un pé ọ̀rinrin ilẹ̀ ibẹ̀ ló fà á.

Ọ̀rinrin ilẹ̀! Bí ẹ bá fẹ́ fa ilà sábẹ́ gbólóhùn kan nínú ìtàn yẹn, òun ni kí ẹ fà á sí. Kò dún bí òwe, kò ṣe é gbé sórí WhatsApp, òun sì ni ibi tí ẹni náà ti fẹ́ sọ òótọ́ tó tún gbé e mì. Ó tún ku ọ̀kan. Ìparí pátápátá ló tó jẹ́ ká mọ̀ pé àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní òun ṣe é ní àṣegbé, kò sẹ́ni tó mú òun. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ó ṣì rántí bí ṣaworo ṣe ró, ó sì ṣì ń wá ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ọ. Bí mo bá ń ka irú ìwé yìí, ohun tí mo máa ń tẹ̀ lé nìyẹn: ibi tí asọ̀tàn ti fo nǹkan, ibi tó ti tọrọ àwáwí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, àti iye ọdún tó wà láàárín ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ àti ọjọ́ tó ń sọ ọ́.

Ní ti gbólóhùn tó dún bí òwe, ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ jù ni Iago nínú Othello ti Shakespeare. Nígbà tí eré yẹn wà lára ìwé ìdánwò WAEC, àwọn ọmọ máa ń kọ́ ọ sórí pé ẹni tó jí àpò owó mi, nǹkan yẹpẹrẹ ló jí, ẹni tó gba orúkọ rere mi ló sọ mí di òtòṣì. Ó dùn, ó bá ohun tí àwa náà ń wí mu pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Mo tilẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìnáwó rí níbi ìgbéyàwó, tó ń fi gba ọkọ ìyàwó nímọ̀ràn. Ìbá dára kó mọ ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Iago yìí ni wọ́n fi Cassio ṣe igbákejì ọ̀gágun lórí rẹ̀, tó sì pinnu pé òun yóò ba ayé gbogbo wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ orúkọ rere yẹn, ó fi ń ta oró sọ́kàn Othello, ọ̀gágun tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, nípa ìyàwó Othello ni. Ṣáájú ìgbà yẹn nínú eré kan náà, nígbà tí Cassio ń sunkún pé orúkọ òun ti bàjẹ́, Iago ló ní kí ó fi sílẹ̀, pé asán ni orúkọ, pé ènìyàn ń ní in láìtọ́ sí i, ó sì ń pàdánù rẹ̀ láìṣẹ̀. Ẹnu kan, ọ̀rọ̀ méjì. Kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ orúkọ rere jẹ́ irọ́. Òótọ́ ni. Òótọ́ ni Iago fi ń pa ènìyàn, torí irọ́ kì í tètè wọ ọlọ́gbọ́n létí. Nítorí náà, bí asọ̀tàn bá sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ yín lára, ẹ má kọ́kọ́ béèrè bóyá òótọ́ ni. Ẹ ṣí ewé tó tẹ̀ lé e, kí ẹ wo ohun tó lọ ṣe lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká fi wo mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́, pé ẹni tó ṣẹni ló ń gbàgbé, òótọ́ ni láìkù síbì kan. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ẹni tí a ṣẹ̀ máa ń rí ìwà ènìyàn kedere, ìrora a máa là á lójú, ìyẹn ni mo ṣe ní a ò gbọdọ̀ sọ irú ìwé yìí nù. Àmọ́ ẹ padà sí apá tó kẹ́yìn, kí ẹ wo mélòó nínú àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dárúkọ. “Ọmọ rẹ̀”, “èyí àgbà”, “èyí obìnrin”, bó ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Òun tó ní ẹni tí a ṣẹ̀ kì í gbàgbé ti di ẹni tó ṣẹni, ó sì ti ń gbàgbé, kò kàn mọ̀ ni. Òǹkọ̀wé mọ̀.

Ti sùúrù yẹn ló ń bí mi nínú jù, kí n má purọ́. Ó jí nǹkan wa ni. Sùúrù tí a ń pè ní baba ìwà, ẹni tó ní in á jẹ́ kí nǹkan kọjá lára òun, á fún ẹlòmíràn láyè láti yí padà. Ti ọkùnrin yìí, ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yí padà lójú rẹ̀. Ẹ rántí ibi tí ọ̀rẹ́ náà ti wá bá a tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tí òun dá ọ̀rọ̀ náà sí àwàdà. Ẹni tó ń dúró de ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dúró de ẹran ni. Bí ẹ bá sì ka ibẹ̀ kíákíá, ẹ ó rò pé ẹni tó níwà pẹ̀lẹ́ ni.

Ti ẹ̀kẹta, èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ fún yín, èmi ò gbà á rárá. Ó so ohun méjì tí kò jọra pọ̀. Ẹni tó bá jí mi lówó, mo lè yọ ọ́ kúrò lọ́kàn mi kí n sì gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè má bá a yodì, kí n sì pè é lẹ́jọ́. Asọ̀tàn yẹn fi ọ̀nà méjì péré hàn yín, pé kí ènìyàn jẹ́ òmùgọ̀ tàbí kí ó jẹ́ ìkà, torí bó bá jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà kẹta, ìwé náà á parí lójú ewé ogójì.

Kí ló wá fà á tó fi ń dùn? Ọ̀rọ̀ “èmi” ní agbára. Bí ènìyàn bá ti ń bá yín sọ̀rọ̀ fún igba ojú ewé, tó ń fi ibi tó ń dùn ún hàn yín, ọ̀rẹ́ yín ló ti di nígbà náà, a kì í sì í tètè dá ọ̀rẹ́ lẹ́bi. Òǹkọ̀wé ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè bá a lọ débì kan kí ẹ tó wẹ̀yìn. Ẹ ò di ìkà nítorí pé inú yín dùn nígbà tí ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀ yẹn kọ́kọ́ ṣubú. Inú tèmi náà dùn. Ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi ni ojú ewé tí inú mi ti dẹ́kun dídùn. Àwọn kan á ní ojú ewé ọgọ́rùn-ún, àwọn kan á ní ọgọ́sàn-án, àwọn kan á kà á tán láìdúró níbì kan. Ibi tí oníkálùkù dúró sí yàtọ̀, ó sì máa ń sọ púpọ̀ nípa ohun tó gbé wá láti ilé. Àwọn fíìmù ẹ̀san wa kì í fún wa láyè yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Kí Apá Kejì tó tán, ẹni ibi á ti ya wèrè, á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú títì, oníkálùkù á sì lọ sùn.

Mo ti ń sún mọ́ ohun tí ẹ ò béèrè. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá yín àti àbúrò bàbá yín, ìwé ni mo mọ̀, èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì mọ ẹjọ́ náà ju ìlà kan tí ẹ kọ lọ. Ẹ̀yin nìkan náà lẹ sì rojọ́ fún mi, mo ti sọ ohun tí àwọn àgbà wí nípa ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ nípa WhatsApp ni pé àbúrò bàbá yín kò ṣìnà nínú bó ṣe kà á. Nígbà tí gbólóhùn yẹn wà nínú ìwé, ó ní ẹni tó ni ín, a sì mọ irú ẹni tó jẹ́. Nígbà tí ẹ yọ ọ́ jáde tí ẹ gbé e síbi tí orúkọ àti fọ́tò yín wà, ẹnu yín ló ti jáde, ẹni tí ẹ sì jọ ní ẹjọ́ ló kọ́kọ́ kà á. Ilé wo ní Èkìtì ni wọn ò ti mọ ọ̀kò ọ̀rọ̀? Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ pe bàbá náà, ẹ kí i, ẹ ní inú ìwé lẹ ti rí i. Bó gbà, bí kò gbà, ẹ ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbé e síwájú olórí ẹbí, bí kò bá yanjú níbẹ̀, ààfin wà, ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ sì wà. Ohun kan péré ni kí ẹ má kọ́ lára ọkùnrin inú ìwé, òun ni dídúró ogún ọdún. Òfin ní iye ọdún tí ènìyàn lè jẹ́ kó kọjá lórí ilẹ̀ kó tó pè é lẹ́jọ́. Ẹ tètè bi lọ́yà ibi tí tiyín dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Àwọn òbí kan á ní kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọmọ náà wà nínú ìjà kan lọ́wọ́ nílé-ìwé, tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, èmi náà á ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Bí kò bá sí nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó kà á. Ẹ lè fi ìwé mìíràn tì í, irú èyí tí ẹlòmíràn ń sọ ìtàn ẹni tó ń gbẹ̀san. Wuthering Heights ti Emily Brontë, tó jáde ní 1847, dára fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le díẹ̀. Ìránṣẹ́ ilé ló ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ la fi ń rí Heathcliff tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti run ìdílé méjì, tó sì wá rí i, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí rẹ̀, pé kò wu òun láti gbọ́wọ́ sókè mọ́. Nínú ìwé yín, ọkùnrin yẹn ò ní sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wa láéláé, àfi ká fura.

Ẹ fún ọmọ náà ní pẹ́ńsùlù nígbà tó bá ń kà á. Kó má fi fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó dùn, ibi tí asọ̀tàn bá ti fo nǹkan ni kó máa fi àmì sí. Bó bá parí rẹ̀, kó mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ yẹn, kó fún un lórúkọ, kó sì kọ ojú ewé méjì láti ẹnu rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí àlejò kan dé sílé wọn tí bàbá wọn ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kí. Ọmọ SS2 lè ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin náà ẹ kọ tiyín, kí ẹ sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.